Bí ẹ ṣe lè ṣírò ohun tí ìwà àjẹbánu ń gbà lọ́wọ́ ọrọ̀-ajé àdúgbò yín

Ní Ìkòròdú, bí ọ̀rọ̀ ìwà àjẹbánu bá délẹ̀ níbi tí àwọn ènìyàn jókòó sí, iye owó tí wọ́n jí ni gbogbo wa máa ń kà: bílíọ̀nù báyìí, mílíọ̀nù báyìí, ilé báyìí ní òkè òkun. Èmi náà ti bá wọn kà á pẹ́, títí nǹkan kan fi ṣẹlẹ̀ ní òpópónà wa tí ó yí ìṣirò mi padà. Owó tí ó bọ́ sápò ẹnì kan kọ́ ni ó sábà máa ń pọ̀ jù nínú àdánù náà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ọjà tí a kò tà, ọmọṣẹ́ tí a kò gbà, fìrísà kejì tí oníṣòwò ìbá rà tí kò rà mọ́ nítorí pé kò mọ̀ bóyá òjò ọdún tí ń bọ̀ yóò wọ ṣọ́ọ̀bù òun. Gbogbo èyí ṣeé ṣírò. Bírò, ìwé, tépù tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilé, àti sùúrù oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó gbà wá, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é, kí ẹ̀yin náà lè ṣe é ní àdúgbò yín.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Ẹ má ṣe gbé gbogbo ìjọba lé orí tábìlì, nítorí pé ariwo nìkan ni yóò ti ibẹ̀ jáde. Tiwa jẹ́ gọ́tà onísìmẹ́ǹtì kan tí wọ́n ṣe sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà wa, irinwó mítà ní gígùn, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí wó ní òjò kejì lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀. N kò ní dárúkọ agbaṣẹ́ṣe náà, n kò sì ní sọ ìpele ìjọba tí ó gbé iṣẹ́ fún un, nítorí pé ẹjọ́ náà kò tíì parí, ìlànà ni mo sì wá kọ́ ènìyàn níhìn-ín.

Ta ni ó ni iṣẹ́ náà?

Ìbéèrè yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Òpópónà ńlá tí ó ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn lè jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Bí ẹ bá gbé ẹ̀sùn kòtò tí ó wà lójú rẹ̀ lọ bá alága káńsù, afẹ́fẹ́ ni ẹ ń bá jà. Òpópónà inú àdúgbò sábà máa ń jẹ́ ti káńsù, àwọn ńlá tí ó so ìlú mọ́ ìlú sì lè jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ẹ wo pátákó iṣẹ́ bí wọ́n bá gbé e síbẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rí i, torí pé pátákó kì í pẹ́ kí ó tó pòórá.

Bí ó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ọ́fíìsì ètò ìṣúná wọn máa ń gbé ìwé ìṣúná ọdọọdún sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ sì wá orúkọ ìlú yín nínú rẹ̀: Ìkòròdú, Ìmọ́tà, Ìjẹdè, Bàyékù. Ẹnu yóò yà yín sí iye ìgbà tí orúkọ náà máa jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá BudgIT, ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ bí ìjọba ṣe ń ná owó, sílẹ̀ ní ọdún 2011 ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Tracka, tí ó ń tọpa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ẹkùn dé ẹkùn, ẹ sì lè fi àwòrán iṣẹ́ àdúgbò yín ránṣẹ́ sí wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà máa ń gbé ìwé ìṣúná tirẹ̀ síta.

Ti káńsù ni ó le jù, ó sì yẹ kí a dúró lé e lórí díẹ̀. Nínú ìwé owó tí ó ń wá láti Àbújá lóṣooṣù, ìjọba ìbílẹ̀ ogún péré ni Èkó ní. Àwọn káńsù ìdàgbàsókè mẹ́tàdínlógójì tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 kò sí nínú ìwé náà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé ní Ìmọ́tà tí ẹ sì ń wá owó Ìmọ́tà nínú ìwé Àbújá, ẹ lè wá a títí di alẹ́, ẹ kò ní rí i. Orúkọ Ìkòròdú nìkan ni ẹ máa bá, owó tí ó sì wà níwájú rẹ̀ ni Ìkòròdú, Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Bàyékù, Ìmọ́tà àti Ìjẹdè jọ gbójú lé. Mo ti rí ẹni tí ó kọ ọ́ síta pé káńsù òun nìkan gba gbogbo owó náà, tí ó sì ń bínú sí alága fún owó tí kò dé ọwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn láìgba ọwọ́ gómìnà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín bí wọ́n ṣe ń pín tiyín lẹ́yìn ìdájọ́ náà, kí ẹ sì kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó sọ ọ́.

Lẹ́tà

Òfin Òmìnira Ìròyìn, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní ọdún 2011, fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń sọ pé òfin náà kò kàn wọ́n, àfi ìgbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo ìpele ìjọba. Ẹ fi gbólóhùn kan rántí ìdájọ́ yìí nínú lẹ́tà yín, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí yóò gbà á lè máà tíì gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ má béèrè fún “gbogbo ìwé tí ó kan gọ́tà”. Ẹni tí ó bá béèrè gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń dá lóhùn pé ìwé ti pọ̀ jù. Nǹkan mẹ́ta ni a béèrè: ìwé àdéhùn tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, ìwé tí ó to iye ohun èlò àti owó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní BOQ, àti ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ parí, tí ó fi hàn ẹni tí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, BOQ ni ọba. Òun ni yóò sọ bí gọ́tà ṣe yẹ kí ó jìn tó, bí ògiri rẹ̀ ṣe yẹ kí ó nípọn tó, àti irú irin tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀; láìsí i, ẹ kàn ń wo gọ́tà ni.

Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀ tàbí bí wọ́n bá ní láti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Owó tí wọ́n lè gbà kò gbọdọ̀ ju ti ṣíṣe ẹ̀dà ìwé lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sí ilé-ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fi ìwé pamọ́ láìtọ́ lè san ìtanràn 500,000 náírà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè fi ẹnu béèrè, kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣe èyí fún ènìyàn pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó wà nínú òfin.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé lọ. Wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ èkejì fún yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ, obìnrin tí ó jókòó nídìí tábìlì sọ pé òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì wà ní ìpàdé. A jókòó. Ìgbà tí ó di aago mẹ́ta tí ó rí i pé a kò ní ìbòmíràn láti lọ, òǹtẹ̀ náà jáde láti inú dúróà tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ lọ síbi iṣẹ́, ẹ mú ẹni tí ó mọṣẹ́ dání

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti ṣe bíríkìlà fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Òun ni a bẹ̀ láti bá wa lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí ọkọ̀ kò pọ̀. Gígùn ni èmi kọ́kọ́ fẹ́ wọ̀n, nítorí mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti jí i. Irinwó mítà gédégédé ni a bá. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ jí nǹkan lára gọ́tà kò ní jí i níbi tí alága yóò gbé bàtà sí nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i.

Ó sọ tépù sí inú gọ́tà. BOQ ní kí ó jìn tó 90 sẹ̀ǹtímítà. Ní ibi márùn-ún tí a wọ̀n, kò sí èyí tí ó kọjá 68. Ògiri tí ó yẹ kí ó nípọn tó 15 jẹ́ 11. Níbi tí ó ti wó, irin yọrí síta, a sì yá kálípà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó, lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe: irin 10 mìlímítà ni wọ́n lò níbi tí ìwé ti sọ pé 12. Ẹ lè rò pé mìlímítà méjì kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọn irin méjèèjì lórí ìwọ̀n, èyí tí ó jẹ́ 10 fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju èyí tí ó jẹ́ 12 lọ, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ náà ṣe kéré tó. Lẹ́yìn náà ni Bàbá mú hámà kékeré, ó kan ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dẹ etí sí i. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tí ó ti fọ́. Nǹkan kan ń dà sílẹ̀ bí gààrí. “Yanrìn ló ń dá wa lóhùn yìí,” ni ó wí, “kì í ṣe sìmẹ́ǹtì.” Òun ni ó sì bá wa ṣírò iye ohun èlò tí wọ́n yọ kúrò. Ó tó 2,400,000 náírà ní iye tí BOQ fi sí wọn.

Ẹ wọn ibi púpọ̀, kì í ṣe ibi tí ó bàjẹ́ jù nìkan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ ṣa èyí tí ó wù yín. Ẹ ya àwòrán tépù nígbà tí ó ṣì wà lára ògiri.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí níbi iṣẹ́. Gọ́tà àtijọ́ ti wà ní òpópónà wa kí wọ́n tó wá, ó sì lágbára. Pàǹtírí ni ó dí i. Kí wọ́n kó o ni ìbá tó. Vito Tanzi àti Hamid Davoodi, onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì ní IMF, àjọ ìṣúná owó àgbáyé, fi hàn ní ọdún 1997 pé níbi tí ìwà àjẹbánu bá ti pọ̀, ìjọba máa ń ná owó púpọ̀ sí i lórí iṣẹ́ tuntun, ó sì máa ń dín owó ìtọ́jú iṣẹ́ àtijọ́ kù, bẹ́ẹ̀ ni ojú títì ń burú sí i. Ẹni tí ó bá kó pàǹtírí kò ní pátákó, kò ní ọjọ́ tí wọ́n máa wá ṣí iṣẹ́, ìdá tí ènìyàn lè yọ nínú owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí iṣẹ́ tuntun, ẹ béèrè ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìṣirò gan-an

Ẹ wá lọ bá àwọn oníṣòwò. Ẹ má ṣe béèrè pé “Èló lẹ pàdánù?” Ẹni tí inú ń bí yóò sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ẹni tí ó sì ń bẹ̀rù owó orí yóò ní òun kò pàdánù kọ́bọ̀. Ìbéèrè tí ó ṣiṣẹ́ fún wa ni: “Ọjọ́ mélòó lẹ kò fi lè ṣí ṣọ́ọ̀bù?” lẹ́yìn náà, “Lọ́jọ́ tí ọjà bá rí bó ṣe máa ń rí, èló ló ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó ọjà?” Ẹ yọ àwọn ọjọ́ tí òjò fúnra rẹ̀ ìbá ti lé oníbàárà sá, gọ́tà ìbáà dára.

Ìyá kan tí ó ń ta ẹja òkú èkó ní òpópónà wa kò ṣí fún ọjọ́ mọ́kànlá láàrin oṣù kẹfà àti ìkeje. 9,000 náírà ni ó ń ṣẹ́kù fún un lójúmọ́, èyí jẹ́ 99,000. Omi wọ ìdí fìrísà rẹ̀, iná sì gé. Ẹja 140,000 náírà bàjẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 239,000 náírà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́tàlélógún ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, mẹ́tàdínlógún dá wa lóhùn, ti gbogbo wọn papọ̀ sì jẹ́ 1,860,000 náírà ní òjò ọdún kan ṣoṣo.

Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ 2,400,000 tí Bàbá ṣírò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹni tí ó yọ ohun èlò rí owó rẹ̀. Òpópónà ń san tirẹ̀ lọ́dọọdún, tí ó fi jẹ́ pé láàrin òjò méjì, àdánù náà ti di 3,720,000, ó sì ti kọjá owó tí wọ́n jí. Ìwádìí tí NBS, àjọ tí ń ka ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń gbógun ti oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, ṣe fi hàn pé ní ọdún 2023, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bá òṣìṣẹ́ ìjọba ní nǹkan ṣe ni wọ́n san owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀, àti pé owó náà tó bílíọ̀nù 721 náírà. Owó tí ó kúrò lọ́wọ́ sí ọwọ́ ni ìyẹn. Irú ẹja tí ó bàjẹ́ yìí kò sí nínú rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi: “Kí lẹ ti fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò ṣe mọ́?” Ìyá ẹlẹ́ja ti ń dá àjọ láti ra fìrísà kejì kí ó sì gba ọmọbìnrin kan sí i, ó fi owó àjọ náà ra ẹja mìíràn dípò èyí tí ó bàjẹ́. Aránṣọ kan kó lọ sí Sábó. Onílé kan tí ó fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin kún ti ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní òun ń wò ó ná. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfi owó lé e, nítorí pé àsọtẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìṣirò. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè wà. Ní ọdún 1995, Paolo Mauro ti IMF gbé àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì rí i pé níbi tí ìwà àjẹbánu bá ti pọ̀, owó tí àwọn ènìyàn ń fi sí òwò máa ń dín kù, ipasẹ̀ èyí ni ọrọ̀-ajé sì fi ń falẹ̀. Onílé tí ń wò ó ná, òun ni Mauro rí láti òkèèrè.

Àwọn tí yóò ta ko ìṣirò yín

Àwọn kan yóò sọ pé ọrọ̀-ajé ń dàgbà láìka ti pé wọ́n ń jí owó. Ẹ ṣọ́ra fún irú ìdàgbà tí wọ́n ń kà. Nínú ìṣirò GDP, ìyẹn àpapọ̀ iye ohun tí orílẹ̀-èdè ń ṣe jáde lọ́dún, owó tí ìjọba ná lórí gọ́tà wọlé ní ọdún tí wọ́n ṣe é, bí wọ́n bá sì wó o tún un ṣe, owó kejì náà yóò wọlé. Gọ́tà tí a ṣe lẹ́ẹ̀mejì lè mú kí ìwé rí dáadáa ju èyí tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan tí ó dúró.

Àwọn mìíràn yóò ní òróró ẹ́ńjìnnì ni owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀, pé láìsí i nǹkan kò ní lọ. Àbá yìí ti pẹ́. Nathaniel Leff, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan, sọ irú rẹ̀ ní ọdún 1964. Ṣùgbọ́n nígbà tí Daniel Kaufmann àti Shang-Jin Wei wo àwọn ilé-iṣẹ́ gan-an ní ọdún 1999, wọ́n rí i pé àwọn tí ń san owó ẹ̀yìn jù ni wọ́n ń lo àkókò jù lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Awakọ̀ ẹrù tí ń ti Odógunyàn jáde kò nílò ìwé kankan láti mọ èyí: ọwọ́ tí ẹ bá fún ní ohun jíjẹ lánàá, òun ni yóò kọ́kọ́ nà lónìí.

Ẹni tí ó kàwé díẹ̀ sí i yóò dárúkọ Indonéṣíà. Òótọ́ ni pé lábẹ́ Ààrẹ wọn, Suharto, orílẹ̀-èdè náà dàgbà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún bí àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń jẹun tó. Níbẹ̀, ẹni tí ó san owó mọ ẹni tí òun san án fún, ó sì rí ohun tí ó sanwó fún gbà. Níhìn-ín, ọwọ́ mẹ́fà lè gbà á kí ọ̀nà má sì ṣí. Ní ọdún 1998, ọrọ̀-ajé Indonéṣíà sì fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún sún kì láàrin ọdún kan.

Àtakò kan wà tí ó tọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbà á. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tí kò parí ni olè wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, agbaṣẹ́ṣe tí ó sì ti gba iṣẹ́ ní iye tàtijọ́ lè dáwọ́ dúró láìjí kọ́bọ̀. Ẹ fi ọjọ́ àdéhùn wé owó ọjà ìgbà náà. Ohun tí ó jẹ́ kí tiwa dá wa lójú ni pé wọ́n gba ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà pé pérépéré, pẹ̀lú irin 12 nínú rẹ̀.

Ibi tí ẹ ó gbé e lọ

Ẹ kọ́kọ́ fi ìwọ̀n yín ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ó gbé iṣẹ́ náà jáde, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kí àṣìṣe tí ó bá wà níbẹ̀ lè tètè hàn. Ẹ má dúró síbẹ̀ ju oṣù kan lọ, nítorí pé ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, ń gba ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, láti ọdún 2019 ni wọ́n sì ti ń tọpa iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò. Òfin wọn dáàbò bo orúkọ ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ wá, ó sì fi ìyà sí ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Nítorí náà, “a wọ̀n ọ́n, 68 ni a bá” ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ “olè ni wọ́n”.

Lẹ́tà wa kejì ni ó gba èsì. Agbaṣẹ́ṣe náà padà wá láti tún àádọ́rin mítà tí ó ti wó ṣe. Ọ̀rọ̀ ìyókù ṣì wà lórí tábìlì. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n fẹ́ da kónkéré, Bàbá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá ẹlẹ́ja pẹ̀lú tépù àti kálípà nínú àpò rẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n dà á títí ó fi wọn irin náà tán.